Kí kọ̀ǹpútà má baà gbóná pa ara rẹ̀: Bí a ṣe ń to fáànù àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú àpótí rẹ̀

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé káàkiri ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ìlórò-Èkìtì dé Ìjerò, títí dé Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Mẹ́rin tàbí márùn-ún lè tò sórí tábìlì kan náà, kí iná gbogbo wọn sì máa tàn. Nígbà tó bá di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọ̀kan nínú wọn á kàn kú lójijì, láìjẹ́ pé iná lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jókòó ti iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ láti àárọ̀ á figbe ta, nítorí ojú ewé mẹ́wàá tí wọn kò tíì fi pamọ́ ti lọ. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á ní fáírọ́ọ̀sì ni, aládùúgbò á ní iná NEPA ni kò tó. Bí wọ́n bá tún un tàn, kì í pẹ́ tí yóò fi tún kú.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ooru ló fà á. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé ooru jáde nínú àpótí kọ̀ǹpútà kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré fún ẹni tó jẹ́ pé iye ojú ewé tó bá tẹ̀ ni owó oúnjẹ rẹ̀, kò sì kéré fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánrawò, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti sọ ìdánwò UTME di èyí tí a ń fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a tú iṣu ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ibi tí ooru ti ń wá

Àpótí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní CPU, àpótí lásán ni. Ohun tó ń jẹ́ CPU gan-an ni processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó wà nínú àpótí náà, tí kò sì fẹ̀ ju bisikíìtì kékeré kan lọ. Gbogbo iná mànàmáná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ ló ń padà di ooru. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ 100 wáàtì, bí ìgbà tí ẹ tan gílóòbù aláwọ̀ pupa-rúsúrúsú ayé àtijọ́, oní 100 wáàtì, sínú àpótí náà ni. Ẹni tó bá ti fi irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ya òtútù fún ọmọ adìyẹ rí yóò mọ bí ooru rẹ̀ ṣe tó.

Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń gbóná bákan náà. Lára àwọn Pentium 4 tí wọ́n ń pè ní Prescott, tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde ní ọdún 2004, a rí èyí tí ìṣirò ooru rẹ̀ dé 115 wáàtì. Nígbà tí Core 2 Duo jáde ní ọdún 2006, 65 wáàtì ni ti ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó dàgbà jù lè máa gbóná ju àbúrò rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe kò tó ti àbúrò náà. Yàtọ̀ sí processor, power pack tó ń pín iná, háàdì dísìkì tó ń tọ́jú iṣẹ́, àti káàdì àwòrán fún kọ̀ǹpútà tó bá ní i, gbogbo wọn ló ń dá kún ooru náà.

Ohun tí ooru ń ṣe

Bí processor bá gbóná kọjá ààlà, ó kọ́kọ́ máa dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Nígbà náà ni ẹ óo rí i pé kọ̀ǹpútà ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín. Bí ooru náà kò bá dínkù, yóò pa ara rẹ̀ pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ processor Intel òde òní, nǹkan bí 100 ní ìwọ̀n Celsius ni ààlà yìí wà; ti àwọn àtijọ́ kéré sí i.

Ìpalára kejì kì í yá, ṣùgbọ́n ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù àti nínú power pack ni àwọn nǹkan róbótó bí agolo kékeré wà tí wọ́n ń pè ní capacitor. Omi kẹ́míkà díẹ̀ wà nínú wọn, ooru ló sì ń gbẹ ẹ́. Òfin tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, ọjọ́ ayé capacitor yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìlàjì. Bí ẹ bá rí i tí orí wọn wú tàbí tí nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ ń sun lára wọn, ooru ti ń bá wọn jà.

Ẹ rántí pé fáànù kò lè mú inú àpótí tutù ju yàrá tó wà nínú rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ yàrá ló ń lò. Bí yàrá bá wà ní ìwọ̀n 24 lásìkò òjò, tó wá di 34 nínú ẹ̀ẹ̀rùn oṣù Kejì sí ìkẹta, ìwọ̀n 10 tó lé yẹn, bí a ṣe lè retí kó lé sórí processor náà nìyẹn. Èyí ló fà á tí kọ̀ǹpútà tó ṣe dáadáa ní oṣù Kẹjọ fi ń dákú ní oṣù Kejì láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Fèrèsé méjì tó kọjú síra

Àwọn baba wa mọ̀ pé yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo kì í tutù. Ìgbà tí fèrèsé méjì bá kọjú síra ni afẹ́fẹ́ tó lè gba ọ̀kan wọlé, kó sì gba èkejì jáde. Bákan náà ni ti àpótí kọ̀ǹpútà. Afẹ́fẹ́ tútù gbọ́dọ̀ gba iwájú, níhà ìsàlẹ̀, wọlé. Kó kọjá lára háàdì dísìkì, káàdì àti processor. Kó wá gba ẹ̀yìn àti òkè jáde. Òótọ́ ni pé ooru a máa gbéra sókè, ṣùgbọ́n agbára ìgbéra yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fáànù. Fáànù ló ń pinnu ọ̀nà, nítorí náà bí ẹ bá to fáànù lódìlódì, gbígbéra tí ooru ń gbéra kò lè tún un ṣe.

Ní Ìkọ́gòsì, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, omi gbígbóná àti omi tútù máa ń pàdé, wọn á sì di lọ́wọ́ọ́wọ́. Ohun ìyanu tí àwọn àlejò ń wá wò ni. Nínú àpótí kọ̀ǹpútà, àdánù ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó yẹ kó jáde bá yí padà dàpọ̀ mọ́ tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, processor yóò máa fi afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Báwo ni afẹ́fẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Fún kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 200 wáàtì, bí a bá fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde má fi ju ìwọ̀n 10 lọ gbóná ju èyí tó ń wọlé, ó tó nǹkan bíi lítà 17 afẹ́fẹ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì oní 25 lítà méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí eruku bá dí ọ̀nà tó fi jẹ́ pé ìlàjì afẹ́fẹ́ yẹn ló ń kọjá, ìyàtọ̀ náà yóò di ìwọ̀n 20. Nínú yàrá tó wà ní 34, afẹ́fẹ́ tó ń jáde yóò kúrò ní 44, yóò di 54. Iṣẹ́ tí eruku lásán ń ṣe nìyẹn.

Ìtàn kékeré kan nípa àpótí

Ọ̀pọ̀ àpótí tó wà lọ́wọ́ wa ló tẹ̀lé ìlànà ATX tí Intel gbé jáde ní ọdún 1995. Nínú ìlànà náà ní ìbẹ̀rẹ̀, fáànù power pack ni wọ́n ní kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé sórí processor. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ooru power pack fúnra rẹ̀ ni processor ń fi wẹ̀, ni wọ́n bá yí i padà kó máa fẹ́ jáde. Ní ọdún 2004, Intel tún gbé ìlànà mìíràn tó ń jẹ́ BTX jáde, èyí tó fi fáànù ńlá sí iwájú, tí afẹ́fẹ́ tútù rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ kan processor kó tó kan ohun mìíràn. BTX kò pẹ́ lórí àtẹ, ṣùgbọ́n a rí i nínú àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bíi Dell OptiPlex 745 àti 755, tí a mọ̀ dáadáa láàárín àwọn tòkunbọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni èyí: ìbòrí oníke ńlá tó bo processor nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Bí ẹ bá yọ ọ́ sọnù nítorí pé ó ń dí yín lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ fáànù iwájú yóò fọ́nká, processor yóò sì máa gbóná nígbà tí fáànù rẹ̀ ń pariwo lásán.

Bí a ṣe ń mọ ojú tí fáànù ń fẹ́ sí

Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nígbà tí a bá pààrọ̀ fáànù ni pé a máa ń dè é lódì. Bí ẹ bá wo ara fáànù, ojú kan wà tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ hàn gbangba. Ojú kejì ní ọ̀pá ṣíkẹ́ṣíkẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó di àárín rẹ̀ mú, níbi tí bébà orúkọ rẹ̀ máa ń wà. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú gbangba wọlé, ó ń gba ojú tó ní ọ̀pá jáde. Àwọn kan tilẹ̀ ní àmì ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ gé bébà tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ dì í mú síwájú fáànù tó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fà wọlé. Bí ó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń tì jáde. Èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn pàápàá wúlò: ẹ gbé e sí iwájú àpótí láti ìta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò wọlé, kó sì gba ẹ̀yìn jáde. Bí ó bá ń yí po níwájú tàbí tó ń padà sí ojú yín, ọ̀nà kan ti dí tàbí fáànù kan ti yí sódì.

Iye fáànù àti ibi tó yẹ kí wọ́n wà

Fún kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ ìwé, tí a fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sì ní káàdì àwòrán ńlá, fáànù kan níwájú tó ń fà wọlé àti ọ̀kan lẹ́yìn tó ń tì jáde ti tó. Fáànù mẹ́fà tí a kò tò dáadáa kò lè ṣe tó méjì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí àyè bá ti gbà á, fáànù oní 120 mìlímítà dára ju oní 80 lọ, nítorí ó lè gbé afẹ́fẹ́ kan náà pẹ̀lú eré tó kéré, ariwo rẹ̀ á sì mọ níwọ̀n.

Àwọn ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún nìwọ̀nyí:

Fáànù méjì tó ń bá ara wọn jà. Bí ti iwájú bá ń tì jáde, tí ti ẹ̀yìn náà ń tì jáde, kò sí ẹni tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, gbogbo ihò àti àlàfo ni eruku yóò máa gbà wọlé. Bí ti ẹ̀yìn bá sì ń fà wọlé, èyí tí power pack tì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni yóò máa fà padà.

Ihò tí kò ní ìdérí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, ẹ óo rí ihò gbọọrọ tí wọ́n ti yọ káàdì kúrò nínú rẹ̀ tí wọn kò dí. Fáànù ẹ̀yìn yóò máa fa afẹ́fẹ́ láti inú ihò tó sún mọ́ ọn, yóò sì tì í jáde lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ processor. Ihò yẹn kan náà ni ọmọńlé àti aáyán ń gbà wọlé. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún un ló dára jù láti fi dí i.

Wáyà tó rọ̀ jọ síwájú fáànù. Ẹ kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi okùn dè wọ́n mọ́ ara àpótí.

Ó dára kí èyí tó ń wọlé fi díẹ̀ ju èyí tó ń jáde lọ. Bí inú àpótí bá kún, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gba àwọn àlàfo kéékèèké jáde, eruku kò sì ní í ráyè gba ibẹ̀ wọlé. Iwájú nìkan ni eruku yóò máa gbà, ibẹ̀ sì ni ẹ lè ti sẹ́ ẹ. Ìbọ̀sẹ̀ onínáílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn obìnrin ń wọ̀, tí ẹ nà sójú ihò iwájú, lè ṣe iṣẹ́ asẹ́ náà. Ẹ má ṣe lo fóòmù tó nípọn, nítorí yóò dá afẹ́fẹ́ dúró pẹ̀lú eruku. Ẹni tó bá sì fi asẹ́ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ múra láti máa fọ̀ ọ́. Asẹ́ tó ti dí burú ju àìsí asẹ́ lọ.

Ṣé kí a ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí sílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe é: wọ́n á yọ irin ẹ̀gbẹ́ àpótí, wọ́n á sì kọ fáànù ilẹ̀ ńlá sí i. A kò ní í purọ́, ó máa ń mú kí ooru dínkù lọ́jọ́ náà, pàápàá nínú àpótí tí ètò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáànù ilẹ̀ kì í sẹ́ eruku. Láàárín oṣù díẹ̀, irin pẹlẹbẹpẹlẹbẹ tó wà lórí processor láti máa fa ooru kúrò lára rẹ̀ yóò ti di, kọ̀ǹpútà náà yóò sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewu ọmọdé, omi àti alángbá tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé àìsàn kan wà tí ẹ kò tíì wò. Ẹ lò ó fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ wá àìsàn náà lọ́jọ́ kejì.

Ọyẹ́ àti eruku

Láti oṣù Kọkànlá dé bí oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa. Ẹni tó bá fi ọwọ́ nu nẹ́ẹ̀tì fèrèsé rẹ̀ lásìkò náà yóò mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń fà símú. Ẹ fọ asẹ́ iwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì nígbà ọyẹ́. Kí ọyẹ́ tó dé àti lẹ́yìn tó bá lọ, ẹ ṣí àpótí, kí ẹ gbá a mọ́ báyìí:

1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìtàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù lè jáde.

2. Ẹ gbé e síta, kí ẹ fi aṣọ bo imú. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀.

3. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ àti bulówà lé eruku kúrò. Ẹ fi ìka di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú kó má baà yí lásán, nítorí eré àsápajúdé lè ba ìdí rẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe lo omi.

4. Ẹ wo àárín fáànù processor àti irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni eruku máa ń di bí òwú, tí ẹni tó ń wò ó láti òkè kò sì ní í rí i.

5. Bí ẹ bá yọ irin náà, ẹ gbọ́dọ̀ nu ọ̀rá àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní thermal paste kúrò pẹ̀lú sìpíríìtì, kí ẹ fi tuntun sí i, tí kò ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ. Ọ̀rá tó ti gbẹ bí ẹ̀fun kì í gbé ooru kọjá mọ́.

6. Ẹ má ṣe tú power pack fúnra yín. Iná lè wà nínú capacitor rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Láti ìta ni kí ẹ ti fẹ́ eruku rẹ̀.

Ibi tí a gbé kọ̀ǹpútà sí

Ètò inú àpótí kò lè ran ẹni tó gbé e sí ibi burúkú lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ó kéré tán mítà 0.15, ìyẹn bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan àti ààbọ̀, jìnnà sí ògiri. Ẹ má ṣe tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tábìlì tí kò ní ihò lẹ́yìn. Ẹ má ṣe gbé e sórí rọ́ọ̀gì tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbá láràárọ̀. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán tó ń gba fèrèsé wọlé bà á, kí ẹ má sì to UPS tàbí stabilizer sí iwájú rẹ̀, nítorí àwọn náà ń tú ooru jáde. Ní ṣọ́ọ̀bù oní páànù tí kò ní sílíǹgì, ẹ ṣe sílíǹgì kí ẹ tó ra fáànù kẹta.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti dára

Kí ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra àpótí kí ẹ wá ní ó ti tutù. Ẹ wo ìwọ̀n ooru processor nínú ojú ewé BIOS, tàbí kí ẹ lo ètò ọ̀fẹ́ bíi HWMonitor tàbí Core Temp. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tún un ṣe àti lẹ́yìn náà, ní wákàtí kan náà lọ́sàn-án àti nídìí irú iṣẹ́ kan náà, nítorí ẹni tó bá fi ti àárọ̀ wé ti ọ̀sán ń tan ara rẹ̀ ni. Bí ó bá ń wà lábẹ́ 80 nígbà tí iṣẹ́ bá le jù lọ́sàn-án gangan, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí ìwọ̀n náà bá kéré síbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣì ń kú, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yẹ iná, power pack tàbí fáírọ́ọ̀sì wò.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Owó fáànù kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mọ́dábọ́ọ̀dù, owó mọ́dábọ́ọ̀dù kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó sọnù ku ọ̀la ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín rí afẹ́fẹ́ mí, kí ẹ̀yin náà lè jẹun lórí rẹ̀ pẹ́.